Tai Ṣólàrìn

Tai Ṣólàrìn (20 oṣù kẹjọ 1922 – 27 oṣù keje 1994) jẹ́ ọmọ ogun òfurufú tó padà di olùkọ́, òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn àti ajà-fún-ẹ̀tọ́ ará ìlú. Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ìlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni wọ́n ti bí i. Kálámù àti ilé-ìwé ló fi dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú Nàìjíríà, ohùn rẹ̀ sì dé ibi tí ohùn ọ̀pọ̀ aṣòfin kò dé.

Ogun àti ẹ̀kọ́
Ó kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti di atọ́nà ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí ogun parí, ó dúró sí Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ sí Yunifásítì Manchester, lẹ́yìn náà ó tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti fẹ́ Sheila, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá a wálé.

Mayflower
Ní 1952, ó di ọ̀gá ilé-ìwé Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ipá mú ọmọ ilé-ìwé gbàdúrà. Èyí dá awuyewuye sílẹ̀, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní 27 oṣù kìíní 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn tó ń wá òmìnira ẹ̀sìn lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ni wọ́n fi pè é. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń kọ́lé, nítorí Ṣólàrìn kò ka ìwé tí kò kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ sí ẹ̀kọ́ pípé.

Ìjọba àti ẹ̀wọ̀n
Ọjọ́ ọdún tuntun 1964 ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó lókìkí jù lọ jáde. Níbi tí gbogbo ayé ti ń súre ìrọ̀rùn fún ara wọn, ó ní kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun rí gbágungbàgun, torí ẹni tí kò bá fojú winá kì í ṣe àṣeyọrí kan. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba ológun yàn án ní kọmíṣánnà tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ipò yìí kò pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí àwọn ológun tún gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Shagari, ó bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ìjọba ológun Buhari tì í mọ́lé ní 1984, ó sì lo oṣù 17 lẹ́wọ̀n. Ní 1989, ìjọba ológun Babangida fi í ṣe alága Báńkì Aráàlú, tó ń yá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké lówó láìgba ohun ìdúró.

Ìrántí
Ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni aráyé mọ̀ ọ́n mọ́ títí tó fi kú ní 1994. Sheila dúró sí Ìkẹ́nnẹ́ títí ó fi di olóògbé ní 2012. Ní 2005, lásìkò Gómìnà Gbenga Daniel, Ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Ìjàgùn lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì fi orúkọ Ṣólàrìn pè é. Mayflower ṣì ń kọ́ ọmọ ní Ìkẹ́nnẹ́ títí dòní.