Orin Tó Kọjá Eré: Hubert Ogunde àti Ìtàgé Olórin Yorùbá

Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ogunde nítorí eré Yorùbá Ronú. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1966, ẹgbẹ́ náà kò lè ṣe eré níbikíbi ní agbègbè tí wọ́n ti ní olólùfẹ́ jù lọ. Ṣùgbọ́n orin kò ṣeé tì mọ́lé. Orin inú eré náà ni wọ́n gbà sínú àwo, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fojú kan eré náà rí ṣì mọ̀ títí di òní. Eré ti lọ, orin kò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ní láti padà sí bí ìtàgé Yorùbá òde òní ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orin ni òpó tí wọ́n kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Òṣósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí Ogunde ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1916. Orísun méjì ni ó ti mu omi. Ọmọ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, nítorí náà orin ìjọ kò ṣàjèjì sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré àwọn Egúngún Alárìnjó tí ń ti ìlú kan dé òmíràn pẹ̀lú ìlù, ijó àti ẹ̀fẹ̀ wọ̀ ọ́ lára láti kékeré. Nígbà tí ó fi dàgbà, àwọn ìjọ tó yapa kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó ajíhìnrere ní Èkó ti sọ orin ìbílẹ̀ di ohun ìyìn, wọ́n sì ti ń fi orin sọ ìtàn Bíbélì. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ lórin. Ìrìn àti ìṣe kò tó nǹkan.

Ibẹ̀ ni Ogunde ti mú àyípadà wá. Ọlọ́pàá ni nígbà tí Ìjọ Olúwa Àládúrà ní Èkó ní kí ó ṣe eré kan tí wọn yóò fi kó owó ilé ìjọsìn jọ. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1944, The Garden of Eden and the Throne of God jáde ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall. Àwọn akọrin kò kàn dúró lójú kan mọ́. Wọ́n ń jó, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1945, Ogunde fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tí ó sọ ọ́ yẹ fún àkíyèsí: African Music Research Party. Ìwádìí orin ni ó fi ṣe àkọlé iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe eré.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ètò eré rẹ̀ wá fìdí múlẹ̀. Ohun tí àwọn òṣèré ń pè ní Opening Glee ni yóò kọ́kọ́ wáyé, ìyẹn orin àti ijó tí kò yàtọ̀ sí ìjúbà àwọn Alárìnjó. Lẹ́yìn èyí ni eré gan-an yóò bẹ̀rẹ̀, orin àti ijó yóò sì tún pa ìdí rẹ̀ dé. Àwọn òṣèré mọ bí ìtàn yóò ṣe lọ, ṣùgbọ́n orí ìtàgé ni wọ́n ti ń hun ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ alẹ́ òní lè yàtọ̀ sí ti ọ̀la. Orin nìkan ni wọ́n ti ṣètò, tí wọ́n sì ti kọ́ ṣáájú. Ìdí nìyí tí orin fi kù nígbà tí ọ̀rọ̀ ti fò lọ.

Ogunde kò sì ka orin ilẹ̀ òkèèrè sí èèwọ̀. Ní ọdún 1947, òun àti ọ̀kan nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti kọ́ ijó waltz àti ijó tap, èyí tí wọ́n ń fi bàtà lu ilẹ̀, tí sinimá olórin Amẹ́ríkà ti sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Fún ọdún díẹ̀, fèrè saksofóònù àti ijó òyìnbó gba ipò pàtàkì nínú eré rẹ̀ kí ó tó padà sí ìlù ìbílẹ̀.

Adùn nìkan kọ́ ni ó ń fi orin wá. Strike and Hunger, ti ọdún 1945, sọ nípa ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún náà; ìjọba amúnisìn fòfin dè é ní Jos. Bread and Bullet, ti ọdún 1950, dá lórí àwọn awakùsà 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Iva Valley, Enugu, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949. Ẹni tó gbọ́ àsọyé òṣèlú lè gbàgbé rẹ̀ kí ó tó délé, ṣùgbọ́n orin a máa bá ènìyàn dé orí ẹní. Ohun tó ń ba àwọn aláṣẹ lẹ́rù nìyẹn.

Àwọn mìíràn náà gba ọ̀nà ìjọ dé orí ìtàgé. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ fi ìlù ìbílẹ̀ sí orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo ní ọdún 1961, àwọn kan nínú ìjọ fárí gá. Ó gbé ìlù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1963, Ọba Kò So jáde ní Mbari Mbayo, pẹ̀lú bàtá àti oríkì Ṣàngó. Ní ọdún 1964 ó ti dé Berlin.

Sinimá ló wá yí ètò náà padà. Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976, pẹ̀lú Adé Fọláyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, ṣì jẹ́ eré olórin pọ́ńbélé. Ogunde tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ayé ní ọdún 1979, Jáyésinmi ní ọdún 1980, Àròpin Ń Tènìyàn ní ọdún 1982 àti Àyànmọ́ ní ọdún 1988. Èrò ya lọ wò wọ́n. Síbẹ̀, nǹkan kan sọnù. Òṣèré orí ìtàgé lè fa orin gùn bí èrò bá ń gbè é, ó sì lè dá a dúró bí ara wọn bá tutù. Sinimá kò gbọ́ ohùn ẹni tó ń wò ó. Owó fọ́nrán sinimá tún ga, wọ́n sì ní láti kó o lọ sí òkè òkun fún iṣẹ́. Nígbà tí fídíò dé, àwọn òṣèré gba ọ̀nà tí owó rẹ̀ rọjú. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wọn, orin di ohun tí ń rìn lẹ́yìn ìtàn. Kò kúrò pátápátá: nínú Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání, tó jáde ní ọdún 1999, orin àti ìlù ṣì ń kìlọ̀ fún ọba.

Ogunde kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, ọdún 1990. Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lónìí, inú àwo orin ni yóò ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Nítorí náà, títọ́jú àwọn àwo àtijọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán: ìwé eré tí wọn kò kọ ni wọ́n jẹ́.