Daniel Greenberg àti Ìṣèjọba Ọmọdé ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Sudbury Valley

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìrònú àti ìwé Daniel Greenberg (1934–2021), onímọ̀ físíìsì tó di òǹkọ̀wé nípa ètò ẹ̀kọ́, tó sì wà lára àwọn tó dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Sudbury Valley sílẹ̀ ní Framingham, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọdún 1968. Òmìnira eré àti àìsí kíláàsì ọ̀ranyàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí a rí ni pé orí ọ̀rọ̀ agbára gan-an ni iṣẹ́ Greenberg dúró lé: ta ló ń gba òṣìṣẹ́, ta ló ń pinnu bí a ó ṣe náwó, ta ló ń ṣòfin, ta ló ń dájọ́. A fi hàn pé ètò yìí wà lára ohun tó gbé ilé-ẹ̀kọ́ náà ró nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wó. A sì tún fi hàn pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ nípa àbájáde rẹ̀ kò tíì lè ru gbogbo ìyìn tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń gbé kà á lórí.

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ pé kí ọmọdé ní ẹnu nínú àkóso ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1859, Leo Tolstoy, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ àwọn àgbẹ̀ ní Yasnaya Polyana, kò sì fi dandan mú ọmọ kankan jókòó sí kíláàsì. Ní Warsaw, Janusz Korczak gbé ilé-ẹjọ́ kalẹ̀ nínú ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tó ń bójú tó. Àwọn ọmọ ló ń dájọ́ níbẹ̀, wọ́n sì lè pe Korczak fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́. Nígbà tí àwọn Násì kó àwọn ọmọ náà lọ sí Treblinka ní 1942, ó bá wọn lọ, ó sì bá wọn kú. Ní 1921, A. S. Neill, ọmọ ilẹ̀ Scotland, bẹ̀rẹ̀ ohun tó padà di Summerhill ní Hellerau, nítòsí Dresden ní Jámánì, kí ó tó kó o wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Greenberg ló dé kẹ́yìn nínú wọn, òun ló sì fún ọmọdé ní agbára jù.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń yìn ín pé ó gba ọmọdé lọ́wọ́ ìnira. Àwọn kan ń bẹnu àtẹ́ lù ú pé ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ di pápá ìṣeré. Eré ni ìhà kìíní ń wò, eré náà ni ìhà kejì ń wò. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yí ojú sí ibi tí Greenberg fúnra rẹ̀ kọjú sí nínú ìwé rẹ̀, ìyẹn bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣèjọba. Lẹ́yìn náà ni a ó wá wo ohun tó ní lọ́kàn nípa ẹ̀kọ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Neill, àti bí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe lágbára tó.

2. Ẹni tí Greenberg jẹ́ àti ìgbà tó gbé

Ìlú Philadelphia ni a ti bí Greenberg. Ó kọ́ni ní físíìsì àti ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Columbia ní New York, kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun, ìyàwó rẹ̀ Hanna Greenberg, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Mimsy Sadofsky àti àwọn mìíràn ló para pọ̀ dá Sudbury Valley sílẹ̀. Ilé ńlá olókùúta kan tó ti pẹ́ ni wọ́n fi ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní ilé ẹṣin àtijọ́ àti adágún omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó éékà mẹ́wàá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1968 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Àkókò náà gbóná. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kò tíì rọlẹ̀, ìwé tí Neill kọ nípa Summerhill, èyí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960, sì ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn òbí ọ̀dọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ òmìnira ló hù bí olú láàárín ọdún díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kógbá sílé. Sudbury Valley náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn òbí kò fohùn ṣọ̀kan lórí irú òmìnira tí wọ́n ń wá. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kó ọmọ wọn lọ. Àwọn tó kù ló mú ètò ìjọba rẹ̀ le.

Greenberg kọ̀wé púpọ̀. Ní 1970, ó fi ìwé kan bu ẹnu àtẹ́ lu ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà. Ní 1987 ni *Free at Last* jáde, òun sì ni ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù. Òun àti Sadofsky jọ kọ *Legacy of Trust* (1992) nípa ìgbésí ayé àwọn tó ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́ náà. Ní 2008, òun àti Russell Ackoff, onímọ̀ nípa àkóso iléeṣẹ́, jọ gbé *Turning Learning Right Side Up* jáde.

3. Bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba

Yorùbá gbà pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí àgbà tẹ́tí sí ọgbọ́n ọmọdé, ọ̀tọ̀ ni kí ó fi ìbò lé e lọ́wọ́. Ní Sudbury Valley, láti orí ọmọ ọdún mẹ́rin títí dé orí àgbà òṣìṣẹ́, ìbò kọ̀ọ̀kan ni oníkálukú ní. Ìpàdé Ilé-Ẹ̀kọ́ ń wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ sì pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ fíìfíì. Kò sí ọ̀gá àgbà tó lè fagi lé ohun tí Ìpàdé bá pinnu.

Nǹkan mẹ́ta ló fi hàn pé agbára náà kì í ṣe ti orí ahọ́n. Èkíní ni owó: Ìpàdé ló ń jíròrò lórí bí wọn yóò ṣe náwó, kí wọ́n tó gbé e síwájú Àpéjọ, níbi tí àwọn òbí náà ti ń dìbò. Èkejì ni òṣìṣẹ́: kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà títí ayé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dìbò ìkọ̀kọ̀ lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ìbò rẹ̀ kò bá tó ni yóò di ẹrù rẹ̀. Greenberg tó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ pàápàá wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹ̀kẹta ni ìdájọ́.

Ká ní ọmọ ọdún méje kan ń jẹun nínú yàrá tí òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹun. Ẹni tó bá rí i, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́, yóò gba fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn, yóò sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti àkókò rẹ̀ sí i. Èyí tí kò bá tíì mọ̀wé kọ yóò bẹ ẹlòmíràn kí ó bá òun kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ ni fọ́ọ̀mù náà ń lọ. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ síra ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà pẹ̀lú òṣìṣẹ́, akọ̀wé tí wọ́n dìbò yàn ló sì ń darí ìjókòó. Wọn á gbọ́ ti olùfisùn, wọn á gbọ́ ti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, wọn á pe ẹlẹ́rìí, wọn á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣí ìwé òfin wò. Bí ọmọ náà bá gbà pé òun jẹ̀bi, wọn á dá ìjìyà fún un. Ó lè jẹ́ pé kò ní wọ yàrá náà fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá gbà, ìgbẹ́jọ́ yóò wáyé. Bí ìdájọ́ kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ìpàdé. Òṣìṣẹ́ tó bá rúfin yóò jẹ́jọ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá pe ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ibi tí kò sófin kò wò ó dáadáa. Òfin pọ̀ níbẹ̀, ó sì wà ní kíkọ sílẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni òfin tí ẹnì kan dá ṣe fún ẹlòmíràn.

4. Ohun tó sọ nípa ẹ̀kọ́

Greenberg fara mọ́ ọ̀rọ̀ Aristotle pé ẹ̀dá ènìyàn ló ń fẹ́ láti mọ̀. Bí ìfẹ́ àtimọ̀ bá ti jẹ́ àbímọ́, kò sí ìdí tí a fi ní láti fi ipá ti ọmọ wọnú ìmọ̀. Èyí ló fà á tí Sudbury Valley kò fi ní ètò ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn, tí kò sí ìdánwò àti máàkì. Kò sí pípín ọmọ sí kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn pẹ̀lú. Àgbà ọmọ àti kékeré ń bá ara wọn ṣeré, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn.

Àpẹẹrẹ tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí jù nínú *Free at Last* ni ti ìṣirò. Àwọn ọmọ bíi méjìlá, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín mẹ́sàn-án sí méjìlá, tọ Greenberg wá pé kí ó kọ́ àwọn. Ó kọ́kọ́ ta kò wọ́n pé bóyá àwọn òbí wọn ló rán wọn. Wọ́n ní àwọn ni àwọn fẹ́ ẹ. Wọ́n wá jọ ṣe àdéhùn: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá pẹ́ dé, kò sí ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwé ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ ní 1898 ló fi kọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àròpọ̀ àti àyọkúrò, wọ́n bọ́ sórí ìsọdipúpọ̀ àti pínpín, wọ́n sì dé orí ìdá àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀, ìyẹn ogún wákàtí péré, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń fi ọdún mẹ́fà ṣe.

Ohun méjì ló yẹ kí a rí dì mú nínú ìtàn yìí. Lọ́nà kìíní, Greenberg kò kórìíra kí àgbà dúró kọ́ ọmọ. Ọ̀nà ìkọ́ni àtijọ́ gan-an ló lò, pẹ̀lú àkọ́sórí àti iṣẹ́ ìdánrawò. Ohun tó kórìíra ni kí àgbà kọ́ ẹni tí kò béèrè. Lọ́nà kejì, àdéhùn ló ṣáájú ẹ̀kọ́. Ìlànà ìṣèjọba tí a rí ní Ìpàdé náà ló wọ kíláàsì: kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹnì kejì, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ti di òfin.

5. Greenberg àti Neill

A máa ń ka Sudbury Valley sí ọmọ Summerhill, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ wọn yàtọ̀. Orí ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ni Neill dúró lé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Wilhelm Reich, ayọ̀ ọmọ ló sì jẹ ẹ́ lógún. Greenberg ní tirẹ̀, orí ìṣèlú ló dúró lé. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: báwo ni ẹni tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún láti kékeré ṣe fẹ́ di aráàlú tó mọ òmìnira lò lọ́jọ́ tó bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún? Lójú rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ni ibi tí ìjọba tiwantiwa kò tíì dé rárá nínú ayé àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú iṣẹ́. Ní Summerhill, ìpàdé àwọn ọmọ ń ṣòfin nípa bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀, àmọ́ ọwọ́ Neill ni gbígba olùkọ́ àti ọ̀rọ̀ owó wà. Àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ló kàn lè yàn láti má lọ. Ní Sudbury Valley, kò sí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́, ọwọ́ Ìpàdé sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Síbẹ̀, Summerhill náà ti fi hàn pé ìpàdé ọmọdé kì í ṣe àwàdà. Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ tì í pa, tí ọ̀rọ̀ sì dé ilé-ẹjọ́ ní London ní 2000, inú yàrá ìgbẹ́jọ́ gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣèpàdé láti pinnu bóyá àwọn yóò gba àdéhùn tí ìjọba gbé wá.

6. Ẹ̀rí àti àríyànjiyàn

Ní 1986, Peter Gray, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Boston College, àti David Chanoff tẹ ìwádìí kan jáde nínú *American Journal of Education* nípa àwọn tó ti jáde ní Sudbury Valley. Wọ́n rí i pé àwọn tó fẹ́ lọ sí yunifásítì rí ọ̀nà lọ, àti pé oríṣiríṣi iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe jẹun. Ìwé Greenberg àti Sadofsky ti 1992, àti èyí tí wọ́n bá Jason Lempka kọ ní 2005, sọ ohun tó fara jọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí wọ̀nyí ṣe pàtàkì, nítorí wọ́n já irọ́ pé ọmọ tí a kò fi dandan kọ́ yóò di aláìwúlò. Àmọ́ wọn kò sọ ju ìyẹn lọ. Ọmọ Gray fúnra rẹ̀ wà nílé-ẹ̀kọ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ló tẹ ìwé méjèèjì yòókù. Àwọn òbí tó yàn án ló ń sanwó rẹ̀, ó sì ṣòro láti mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ilé. Bákan náà ni ìtàn inú *Free at Last*. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń pẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá gbájú mọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ló ń yan èyí tó yọrí sí rere.

Àtakò tó le jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn òtòṣì. Jonathan Kozol, tó bá àwọn aláwọ̀ dúdú ní Roxbury ní Boston dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, sọ nínú ìwé rẹ̀ *Free Schools* (1972) pé àwọn tó ń sá lọ sí ìgbèríko pẹ̀lú ọmọ olówó díẹ̀ ń fi òtòṣì sílẹ̀ sínú ìyà. Lisa Delpit náà kọ ọ́ nínú *Harvard Educational Review* ní 1988 pé ọmọ tí kò bá sí nílé agbára, àfi kí a la òfin agbára yé e ní tààrà. Èsì wà fún Greenberg nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀: ọmọ tó bá béèrè yóò rí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Èsì náà kò tán ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan wà ló ń béèrè rẹ̀. Ọmọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbọ́ orúkọ ìmọ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Ọmọ tí ilé rẹ̀ kò ní ìwé kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ètò Greenberg ti nílò àtúnṣe jù.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé àpẹẹrẹ Sudbury Valley ti wà ní Jámánì, Bẹ́ljíọ̀m, Ísírẹ́lì, Japan àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rọ́wọ́ mú; èyí tó wà ní Ammersee ní Bavaria, ìjọba tì í ní 2016, ọdún méjì lẹ́yìn tó ṣí. Àwọn kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òmìnira ọdún 1960 sí 1975 gbé ara lé òkìkí ẹnì kan, wọ́n sì bá a lọ. Ti Sudbury Valley yàtọ̀: Greenberg kú ní 2021, Ìpàdé sì ń lọ bó ṣe ń lọ, nítorí kò sí àga kan tó dá jókòó lé tí ó ṣófo.

Ìdájọ́ wa ni pé gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́, Greenberg sọ ju ohun tó fẹ̀rí rẹ̀ hàn lọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣètò ìjọba tí ọmọdé lè ṣe láìjẹ́ pé ilé dàrú, kò tíì sí ẹni tó ta á yọ nínú àwọn tí a yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò owó, ìwé òfin àti ìbò lórí òṣìṣẹ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣì wà lọ́wọ́ àgbà nìkan, kí ó má pè é ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwantiwa.