Oró Ipá àti Àwọn Aláàárù Inú Ara Wa

Ọ̀rọ̀ wa tòní, ìtàn ni. Ìtàn àìsàn kan tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa: ipá, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tẹtanọ́ọ̀sì.

A bí ọmọ, ó ké, ó mu ọmú ní ọjọ́ kìíní, ó mu ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta sókè, kò lè mu ọmú mọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ le, ara rẹ̀ gan, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí a bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí ìró kan bá dún, ara á tún gan sí i. Kì í ṣe gìrì tí ibà ń fà o. Ọmọ tí gìrì mú kì í mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èyí tí ipá mú, ojú rẹ̀ dá, ó ń jẹ ìrora náà ni. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò rí ọjọ́ ìkómọ.

Ohun tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí: ojú ọgbẹ́ wà ní ìdodo, kò ju orí ìka lọ. Báwo ni ó ṣe wá di àgbọ̀n mú? Báwo ni ó ṣe dé ọ̀pá ẹ̀yìn? Ó gbà tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn onímọ̀ tó dáhùn ìbéèrè yìí tán.

Ọdún 1884 ni ojú kọ́kọ́ là. Ní ìlú Turin ní Ítálì, àwọn dókítà méjì, Carle àti Rattone, mú nǹkan láti ojú ọgbẹ́ ọkùnrin kan tí ipá pa, wọ́n fi gún ehoro. Ipá mú ehoro náà. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Göttingen ní Jámánì, Arthur Nicolaier bu erùpẹ̀ ilẹ̀ lásán, ó fi sí abẹ́ awọ àwọn ẹran. Ipá mú àwọn náà. Ó wá hàn pé nínú ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí ni kòkòrò àrùn náà ń gbé.

Ní 1889, ará Japan kan tí ń jẹ́ Kitasato Shibasaburō, tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, rí kòkòrò náà yà sọ́tọ̀. Kòkòrò yìí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì máa ń so bí irúgbìn tí iná kì í tètè pa. Kitasato yáná sí i kí àwọn kòkòrò yòókù kú, ó sì tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù síbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ọdún kejì, òun àti Emil von Behring fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n ti fi oró ipá kọ́ lára díẹ̀díẹ̀ lè gba ẹran mìíràn lọ́wọ́ oró náà. Ibẹ̀ ni oògùn sẹ́rọ́ọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù. Kòkòrò náà kì í kúrò lójú ọgbẹ́. Oró rẹ̀ ló ń rìn. Ọ̀nà wo ló ń gbà? Ní 1903, Hans Meyer àti Fred Ransom rí i pé inú iṣan ni. Kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà là ń wí o, bí kò ṣe okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé àṣẹ láti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ẹran ara. Òun ló ń sọ fún ẹsẹ̀ pé kó rìn, tó ń sọ fún àgbọ̀n pé kó jẹun. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi sẹ́rọ́ọ̀mù sínú okùn náà, oró kò lè kọjá mọ́.

Okùn yìí gùn. Èyí tó ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè tó mítà kan. Ta ló ń gbé ẹrù gba inú rẹ̀? Ní 1948, Paul Weiss àti Helen Hiscoe ní Amẹ́ríkà fún okùn náà pinpin láàárín. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ síbi tí wọ́n fún un, bí ọkọ̀ ṣe máa ń tò sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá gbé igi dí títì. Ó fi hàn pé ẹrù ń rìn nínú rẹ̀ ní tòótọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ńlá tó ń sọ ohun kékeré di ńlá jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà náà. Ní 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i kedere pé àwọn ọ̀pá wúruwùru tó ní ihò wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tí a fi kọ́ ara wa. Bí ẹ bá to 40,000 ọ̀pá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ní ju mìlímítà kan lọ. Àwọn ló dúró bí òpó àti igi àjà fún sẹ́ẹ̀lì kó má baà wó, àwọn náà ló tún jẹ́ títì.

Níbi tí títì bá wà, aláàárù á wà. Ní 1985, ní Woods Hole ní Amẹ́ríkà, Ronald Vale, Michael Sheetz àti Thomas Reese ń wo iṣan ẹran òkun kan tí àwọn Faransé ń pè ní calmar. Iṣan rẹ̀ nípọn débi pé ojú lásán lè rí i. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí aláàárù tí wọ́n sọ ní kinesin. Ẹsẹ̀ méjì ló ní. Ó gbé ẹrù rù, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì lórí ọ̀pá náà. Oúnjẹ tí à ń jẹ ló ń fún un lágbára. Kó tó rin mìlímítà kan, á gbé ẹsẹ̀ nígbà 125,000. Kinesin ń kó ẹrù láti ìdí okùn lọ sí ẹnu rẹ̀. Aláàárù kejì, dynein, ni Ian Gibbons ti sọ lórúkọ láti 1965. Ní 1987, Richard Vallee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé òun ló ń kó ẹrù padà wálé.

Ẹ ẹ̀ rí i báyìí. Aláàárù kì í tú ẹrù wò. Ohun tí wọ́n bá dì fún un ló ń gbé. Oró ipá á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹnu àwọn iṣan káàkiri ara, á sì wọ inú ẹrù tí dynein ń gbé padà. Aláàárù tiwa fúnra wa ló ń gbé ọ̀tá wọlé! Iṣan tó kúrú ni ẹrù ń tètè dé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àgbọ̀n ló sábà máa ń kọ́kọ́ le.

Tó bá dé ọ̀pá ẹ̀yìn, oró náà á kọjá sínú iṣan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ fún ẹran ara pé, "Ó tó, sinmi." Ní 1992, àwọn onímọ̀ ní Padua ní Ítálì rí i pé ńṣe ni oró yìí máa ń gé ohun tí iṣan náà fi ń ránṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún ara pé kó sinmi mọ́. Ara á wá máa gan.

Dìgbòlugi, wèrè ajá, ń gba ọ̀nà iṣan yìí kan náà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé bí ajá bá gé ọmọ jẹ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí rèé: sẹ́rọ́ọ̀mù ń mú oró tó ṣì wà níta. Èyí tí aláàárù bá ti gbé wọ inú iṣan, ọwọ́ sẹ́rọ́ọ̀mù kò tó o mọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Gaston Ramon, ará Faransé, ló là wá ní ọ̀nà òkèèrè náà ní àwọn ọdún 1920. Ó fi oògùn àti ooru yọ eyín oró náà, débi pé kò lè ṣeni níbi mọ́, síbẹ̀ ara á dá a mọ̀, á sì kọ́ bí a ti ń bá a jà. Òun ni abẹ́rẹ́ tí à ń pè ní VAT. Ìyá tó bá gbà á nínú oyún á fi ìgboyà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ láti inú ibi ọmọ. OMS ṣírò pé ní 1988, ọmọ tuntun 787,000 ni ipá pa láyé. Ní 2018, ìṣirò náà ti wálẹ̀ sí 25,000. Abẹ́rẹ́ àti ìbímọ tó mọ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n a ò lè lé kòkòrò náà kúrò nínú ilẹ̀. Ibẹ̀ ló wà, ó ń retí wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa:

Bí ẹ bá lóyún, ẹ tètè lọ gba VAT. Ẹni tí kò gbà á rí, ìgbà méjì ni nínú oyún náà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín wọn, kí èkejì sì ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó bímọ. Ẹ máa bá a lọ títí á fi pé márùn-ún. Ẹ tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ yín.

Ẹ bímọ níbi tó mọ́, lọ́wọ́ ẹni tó fọ ọwọ́ rẹ̀. Abẹ tuntun ni kí wọ́n fi gé ìwọ́ ọmọ, okùn tó mọ́ ni kí wọ́n fi dì í.

Ẹ má fi eérú, erùpẹ̀ tàbí ẹbọ́tọ sí ìdodo ọmọ. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ lè ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń ṣe é. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún màmá pé agbẹ̀bí ní ká jẹ́ kó mọ́, kó gbẹ.

Ọmọ tó ti ń mu ọmú tẹ́lẹ̀ tí kò lè mu ún mọ́, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́, ẹ má dúró de ọjà kó tú. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní wàrà-wàrà, nítorí àwọn aláàárù inú ara kì í sinmi. Ọlọ́run á dá ọmọ wa sí.