Ọmọ Tí A Pọ̀n Kò Mọ̀ Pé Ọ̀nà Jìn: Ìtàn Kẹ̀kẹ́ Ọmọ

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ wa, bóyá ẹ sì ń ka èyí lórí fóònù yín nítorí pé dátà ò tó fún ohùn, ẹ káàbọ̀. A ti sọ ìtàn ogun rí lórí ètò yìí, a ti sọ ìtàn ọba rí. Lónìí, ìtàn kẹ̀kẹ́ ọmọ la fẹ́ sọ, èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé ọmọ sí tí wọ́n á máa tì í kiri. Stroller ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é.

Orí WhatsApp ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Atlanta pẹ̀lú ọkọ wọn àti ọmọ méjì: èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, èyí ọkùnrin pé oṣù mẹ́wàá. Màmá wa wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Gbogbo wọn fẹ́ lọ ṣe ìsinmi ní Magic Kingdom, ọgbà ìgbafẹ́ Disney tó wà lẹ́bàá Orlando. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá fi ohùn ránṣẹ́: "Àbúrò mi, ìwọ tó o fẹ́ràn ìwádìí, jọ̀ọ́, bá mi wo irú kẹ̀kẹ́ ọmọ tí a máa mú lọ. Màmá ní ká má fi owó ṣòfò, pé ọ̀já ń bẹ." Mo ń gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn: "Ẹ̀yin márààrún tí mo bí, èwo ni mo fi kẹ̀kẹ́ tì nínú yín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí orí mi fi dàrú. Òmíràn wúwo, òmíràn fúyẹ́. Òmíràn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, òmíràn ní mẹ́rin. Òmíràn gba ọmọ kan, òmíràn gba méjì. Mo wá bi ara mi pé: ta ló kọ́kọ́ ṣe nǹkan yìí, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi.

Ní ọdún 1733, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Duke kẹta ti Devonshire ní kí William Kent ṣe ohun tí àwọn ọmọ òun á máa gùn. Kent kì í ṣe ẹni kékeré. Òun ló ń ṣe ètò ilé àti ọgbà fún àwọn ọlọ́lá ìgbà ayé rẹ̀. Ó ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó rí bí ìkarahun, ó fi sípíríǹgì sí i kó má baà máa gbọn ọmọ jìgìjìgì, ó sì fi ìjánu sí i kí ewúrẹ́ tàbí ẹṣin kékeré lè máa fà á. Ẹ wò ó dáadáa: ẹran ló ń fà á, kì í ṣe ìyá ló ń tì í. Ohun ìṣeré ọmọ olówó ni, ilẹ̀ ọgbà tó tẹ́jú ni wọ́n sì ṣe é fún.

Láàárín ọdún 1800 sí 1900 ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ wá ní ibi tí èèyàn lè dì mú tì. Àmọ́ wọ́n ṣì tóbi, wọ́n ṣì wúwo bí pósí. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan wọ inú ìtàn, èèyàn dúdú ará Baltimore ní Amẹ́ríkà, William H. Richardson. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1889, ọdún 24 péré lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, ìjọba fún un ní ìwé-ẹ̀rí pé òun ló hùmọ̀ irú kẹ̀kẹ́ ọmọ kan. Nínú tirẹ̀, èèyàn lè yí ibùsùn ọmọ padà: ọmọ lè kọjú síta, ó sì lè kọjú sí ẹni tó ń tì í. Ó tún ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè yí síbí yí sọ́hùn-ún láìsí wàhálà.

Ó lè dà bíi nǹkan kékeré. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá pọn ọmọ ń gbọ́ èémí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ ìgbà tó sùn, ó mọ ìgbà tí ara rẹ̀ gbóná. Richardson dá ojú ìyá àti ojú ọmọ padà síra wọn.

Ẹni tó wá sọ kẹ̀kẹ́ ọmọ di ohun tí èèyàn lè gbé rìnrìn àjò ni Owen Maclaren, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú ni. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ogun Spitfire, ẹsẹ̀ tó máa ń ká wọnú tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí i láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Bàbá àgbà rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń bá kẹ̀kẹ́ tó wúwo jà. Ó fi alumíníọ̀mù ṣe òmíràn, ó sì fi ọgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ṣe é kó lè ká bí agbòòrùn. Oṣù keje ọdún 1965 ló béèrè fún ìwé-ẹ̀rí ìjọba lórí rẹ̀. Kò ju pọ́n-ùn 6 lọ, ìyẹn bíi kílò 2.7. Èèyàn lè fi ọwọ́ kan ká a, kí ó fi ọwọ́ kejì gbé ọmọ.

Mo ní láti fi èyí kún un o: ibi tí irin ti ń ká, ibẹ̀ náà ni ewu wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, wọ́n ní kí àwọn tó ra kẹ̀kẹ́ Maclaren ní Amẹ́ríkà, bíi mílíọ̀nù kan, wá gba ohun tí wọ́n máa fi bo oríkèé irin rẹ̀, torí ó ti gé orí ìka ọmọ 12. Nítorí náà, irú kẹ̀kẹ́ yòówù kí ẹ ní, ọwọ́ ọmọ ò gbọdọ̀ wà nítòsí nígbà tí ẹ bá ń ṣí i tàbí tí ẹ bá ń ká a.

Lẹ́yìn náà ni Phil Baechler dé, oníṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Yakima, ìpínlẹ̀ Washington. Ó fẹ́ràn kó máa sáré fún eré ìdárayá, kò sì fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ó fi táyà kẹ̀kẹ́ ológeere sí ti ọmọ, ó sì dá ilé-iṣẹ́ Baby Jogger sílẹ̀ ní ọdún 1984. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn fi ní táyà ńlá. Ẹni tó ń sáré ni wọ́n ṣe é fún.

Ṣé ẹ ti ń rí ohun tí mo rí? Kò sí èyí tí a lè pè ní "èyí tó dára jù." Ẹnì kan pàtó ló wà lọ́kàn ẹni tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti ọ̀nà kan pàtó.

Ọ̀já Màmá ńkọ́? Òun náà ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, wá ṣiṣẹ́ ní Tógò lábẹ́ ètò Peace Corps. Ó rí i pé àwọn ìyá ibẹ̀ ń pọn ọmọ lọ sọ́jà, wọ́n ń pọn ọmọ ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ náà sì farabalẹ̀. Nígbà tó padà sílé tó bí tirẹ̀, ó gbìyànjú láti fi aṣọ pọ̀n ọ́n. Ọmọ ń yọ̀. Ó ké sí ìyá rẹ̀, Lucy Aukerman, tó wà ní Ohio, ìyẹn sì rán àpò tí wọ́n lè fi gbé ọmọ mọ́ra. Ní 1969 wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí ìjọba lórí rẹ̀. Snugli ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àpò ìgbọ́mọ tí ẹ ń rí láyà àwọn òbí lóde òní, ìdílé Snugli ni wọ́n ti wá. Ẹ̀yìn àwọn ìyá Tógò ni wọ́n ti rí i kọ́.

Mo fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí Màmá. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní kí n kà á sókè kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Mo rò pé ọ̀já ti borí nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá pè mí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ó ti sùn? Mo fẹ́ sọ nǹkan fún ẹ, má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ o. Orúnkún mi ò gbà á mọ́. Mo pọn ọmọ yìí lánàá, mo dé ìdí àtẹ̀gùn, mi ò lè gùn ún. Mo jókòó bíi pé mo ń bá a ṣeré ni."

Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ìyá tó pọn gbogbo wa. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe owó kẹ̀kẹ́ ló ń dùn wọ́n. Tí kẹ̀kẹ́ bá wọlé, iṣẹ́ wo ló kù fún àwọn? Mo ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ má ṣèyọnu, mà."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ rìn.

Òbí tó ń mú ọmọ ṣeré ló ronú kan irú ọgbà yìí. Walt Disney sọ pé orí bẹ́ǹṣì ni òun jókòó sí ní Griffith Park, Los Angeles, tí àwọn ọmọ òun obìnrin méjèèjì ń gun ẹṣin onígi tó ń yí, nígbà tí òun rò ó pé ó yẹ kí ibì kan wà tí òbí àti ọmọ lè jọ gbádùn. Disneyland ṣí ní California ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1955. Magic Kingdom ṣí ní Florida ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Kò dà bíi àdúgbò tiwa tí gọ́tà wà lápá kan, tí ọ̀kadà wà lápá kejì, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá nìkan ló balẹ̀ fún ọmọ. Àmọ́ ó tóbi, oòrùn ń mú, láti òwúrọ̀ dé alẹ́ sì ni ìrìn.

Wọ́n lófin lórí kẹ̀kẹ́ ọmọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2019, kẹ̀kẹ́ tó bá fẹ̀ ju ínṣì 31 lọ tàbí tó gùn ju ínṣì 52 lọ kò lè wọlé. Wọ́n ń yáni ní kẹ̀kẹ́ nínú ọgbà, oníke líle ni, àmọ́ kò gbọdọ̀ jáde. Ìyẹn ni pé lálẹ́, nígbà tí ọmọ ti sùn fọnfọn, ẹnu ọ̀nà lẹ máa ti dá a padà, ẹ ó sì gbé ọmọ lọ́wọ́ dé ìdí bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì tó ń gbéni padà sí ilé ìtura wọn sì rèé, ẹ lè ní láti ká kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọ méjì kan nílé, ẹ̀bùn ni. Mo ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n: ínṣì 30. Yóò wọlé. Àmọ́ ó gba gbogbo bọ́ọ̀tù ọkọ̀ wọn, àgbàlagbà méjì ló sì ń ká a. Mo béèrè ìbéèrè mẹ́ta: ta ló máa tì í? Irú ọ̀nà wo ni? Ta ló máa ká a nígbà tí ọmọ bá wà lọ́wọ́?

Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé: "Ẹ fi ńlá yẹn sílé. Ẹ mú fúyẹ́fúyẹ́ méjì tó ń ká bí agbòòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn á ní òun ti dàgbà, àmọ́ tó bá di ọ̀sán, ẹsẹ̀ á kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí Màmá máa ti ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ọ̀já wọn dání." Mi ò sọ nǹkan kan nípa orúnkún. Mo tún ní kí wọ́n má ṣe gbé báàgì tó wúwo kọ́ ibi tí wọ́n ń dì mú, torí irú kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣubú sẹ́yìn tí ọmọ bá ti dìde.

Wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin rìn títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ó sùn nínú kẹ̀kẹ́. Ìta ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ sí tí wọ́n bá fẹ́ gun nǹkan, ọ̀pọ̀ wọn sì jọra, nítorí náà Màmá ya àdìrẹ díẹ̀ so mọ́ tiwọn. Màmá ló ti ọmọ olóṣù mẹ́wàá jù lọ. Nígbà tó ń ké nídìí ìlà, Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ọ̀já gbá a mọ́ àyà, ó sùn. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Nígbà tí wọ́n padà dé Atlanta, Màmá fúnra wọn sọ ọ̀rọ̀ orúnkún fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti lọ rí dókítà. Wọ́n sì ní kí n sọ ọ́ níbí, kí ẹ̀yin tí màmá yín ń pọn ọmọ yín lè tètè béèrè.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tó pọ̀n ọ́n mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹ má kọ́kọ́ wo ọmọ nìkan. Ẹ wo ẹni tó máa tì í.

Tí ẹ bá ní ìtàn ọ̀já tàbí ti kẹ̀kẹ́ tiyín, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o.