Àwọn Ẹyẹ Helgoland àti Máàkì Tí Mo Gé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́! Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ẹ má rò pé mo ti fi ìtàn sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú yín kọ iṣẹ́ kan fún mi nígbà kan lórí ìjà ààlà ní abúlé apẹja kan létí ọ̀sà. Ó fi ọ̀rọ̀ wá bàbá àgbà kan lẹ́nu wò, bàbá ní ìjà náà bẹ̀rẹ̀ "nígbà tí lékèélékèé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé, "Èyí kì í ṣe ẹ̀rí." Mo gé máàkì.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo ka ìtàn Heinrich Gätke. Ayàwòrán ni. Ní 1837 ló dé Helgoland, erékùṣù kékeré kan nínú Òkun Àríwá, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Ó padà di akọ̀wé ìjọba níbẹ̀. Àwòrán òkun ló bá lọ, ẹyẹ ló gbà á lọ́kàn. Nígbà ìwọ́wé, láti oṣù Kẹsàn-án títí dé oṣù Kọkànlá, àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù máa ń gba ibẹ̀ kọjá sí gúúsù. Òmíràn nínú wọn á dé Áfíríkà. Bí òru bá ṣókùnkùn, iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà á fà wọ́n, wọ́n á máa rọ́ yí i ká. Ó lé ní 50 ọdún tí Gätke fi ń wò wọ́n, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1891.

Ta ló ràn án lọ́wọ́? Àwọn ará erékùṣù ni. Ọdẹ àti apẹja ni wọ́n, ẹyẹ sì jẹ́ oúnjẹ fún wọn. Wọ́n máa ń fi ẹ̀ka igi ṣe bí igbó, wọ́n á dẹ àwọ̀n sí i. Nígbà tí Hugo Weigold dá ibùdó ìwádìí ẹyẹ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1910, ọgbọ́n pańpẹ́ wọn yìí náà ni wọ́n tún ṣe, kí wọ́n lè mú ẹyẹ láàyè, kí wọ́n fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀.

Ibo wá ni Gätke ti ṣìnà? Ibi tó ti fi ohun tó rí sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Ó ní ẹyẹ kékeré kan ń fò láti Áfíríkà dé Helgoland lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó fojú rí dúró. Èyí tó méfò ló wó.

Ní 1890, Gẹ̀ẹ́sì fa Helgoland lé Jámánì lọ́wọ́ nínú àdéhùn kan náà tí Jámánì fi yọ̀ǹda Zanzibar fún Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Helgoland, kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Zanzibar. Síbẹ̀, torí pé ìwé yẹn ní ọjọ́ àti òǹtẹ̀, àwa onítàn gbà á lẹ́rìí kíá.

Lékèélékèé máa ń ti òkè Ọya sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà gan-an ni bàbá yẹn sọ fún wa. Ọdún ni èmi ń béèrè. Ó yẹ kí n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi padà lọ bi í pé, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀rùn wo ni?" Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ìwọ tí mò ń bá wí, bóo bá ka èyí, má bínú sí mi. Máàkì rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi.