Ibà Pọ́njú: Láti Houston dé Yaba

Ẹ̀yin ará wa, ó dára kí ẹni tó bá ń lọ sílé mú káàdì yẹ́lò dání. Ìtàn wà nídìí káàdì náà.

Ní ọdún 1867, ibà pọ́njú jà ní Galveston, ó sì jà ní Houston níbí. Dick Dowling, jagunjagun olókìkí, bá a lọ. Afẹ́fẹ́ búburú ni wọ́n rò pé ó ń fà á. Ọdún 1900 ni Walter Reed àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi hàn ní Cuba pé ẹ̀fọn ni.

Ní 1925, àwọn oníṣègùn àjọ Rockefeller dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Yaba, l'Ékòó. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin kan tí ibà náà mú ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní. Asibi yè é; ṣùgbọ́n Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn náà, kú ikú ibà náà l'Ékòó lọ́dún yẹn kan náà. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler tọ́jú títí ó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937. Òun náà ni gbogbo ayé ń gbà títí dòní.

Ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò lè sá fún ẹ̀fọn. Ẹni tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́, kó gbà á ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú.