Ṣé ó yẹ kí ìjọba máa fi owó ìlú gbé bàálù tó ń jẹ gbèsè? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀

Lọ́jọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bàálù kan tí wọ́n kọ "Nigeria Air" sí lára balẹ̀ sí Àbújá. Ìjọba tó ń palẹ̀ mọ́ nígbà náà ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti orílẹ̀-èdè wa ti padà dé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Ààrẹ tuntun, Bọ́lá Tinúbú, gorí àlééfà, ó ní ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Kí oṣù tó parí, lítà epo kan ti kúrò ní nǹkan bíi náírà 190, ó ti lé ní náírà 480. Ẹni tó ń wa ọ̀kadà ní Ìlaròó mọ̀ ọ́n lára. Ìyá tó ń kó gàrí láti Ayétòrò lọ sí Abẹ́òkúta náà mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: owó ìlú ò tó gbogbo nǹkan, ta ló wá yẹ kí wọ́n fi ràn lọ́wọ́? Nítorí pé ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ìjọba kì í tán nílẹ̀ yìí, tí ìjọba kan bá gbé e jù sílẹ̀ òmíràn á tún gbé e, ẹ jẹ́ ká to ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.

Kí là ń pè ní ìrànwọ́ fún bàálù?

Kì í ṣe kí mínísítà gbé owó fún ọ̀gá iléeṣẹ́ nìkan. Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀.

1. Owó tààrà. Ìjọba á gbé owó kalẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti fi ra bàálù, láti fi san owó oṣù, tàbí láti fi bo àdánù mọ́lẹ̀.

2. Onídùúró. Báńkì á yá iléeṣẹ́ náà lówó, ìjọba á sì dúró fún un. Tí iléeṣẹ́ ò bá rí owó san, ọrùn ìjọba ló ń já sí.

3. Owó tí ìjọba fojú fò: owó orí, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó tó yẹ kí bàálù san fún pápákọ̀.

4. Ààbò. Ìjọba ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì fò lójú ọ̀nà tó lérè. Èrò ló ń san èyí, nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì á gbówó lórí.

Kì í ṣe iléeṣẹ́ ìjọba nìkan ló ń jẹ nínú ẹ̀ náà o. Nígbà tí gbèsè wọ Arik Air lọ́rùn, AMCON, àjọ ìjọba tó ń gba gbèsè báńkì, ló gba àkóso rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2017. Ti aládàáni ni Arik.

Bí Nigeria Airways ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí

Lọ́dún 1946 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dá West African Airways Corporation sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tí Gánà gba òmìnira tó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀, Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1958. Ìjọba àpapọ̀ ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Elder Dempster, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, àti BOAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pín ìyókù. Lọ́dún 1961, ìjọba ra gbogbo rẹ̀. Ọdún 1971 ló gba orúkọ tí àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n sí: Nigeria Airways.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bàálù rẹ̀ tó nǹkan bí 30. Àwọn ará KLM ti Netherlands ti wá bá wọn ṣe àkóso rẹ̀ láàárín ọdún 1979 sí 1981. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ tí bàálù lè ṣe lọ. Ìjọba kan á yan ọ̀gá, ìjọba tó bá dé lẹ́yìn á yọ ọ́. Ìwà ìbàjẹ́ náà ò gbẹ́yìn.

Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ tì í pa lọ́dún 2003, gbèsè ọrùn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 528 dọ́là. Nínú nǹkan bí 30 bàálù ìjọ́sí, ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì ń fò nílé. Méjì tó ń lọ sókè òkun, ńṣe ni wọ́n yá wọn.

Ta ló jẹ gbèsè ọ̀hún?

Ibí yìí ló yẹ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ jù lọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, àwọn òṣìṣẹ́ ò rí owó ìfẹ̀yìntì àti ajẹmọ́nú wọn gbà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san ìpín àkọ́kọ́, nǹkan bíi bílíọ̀nù 22.6 náírà. Ọdún 15 gbáko ti kọjá. Àwọn kan ti kú kí wọ́n tó fojú kan kọ́bọ̀. Fún àwọn kan, ọmọ wọn tàbí opó wọn ló wá tò lórí ìlà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Nítorí náà, tí ìjọba bá tún ní òun fẹ́ dá iléeṣẹ́ bàálù sílẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe àwọ̀ tí wọ́n máa kùn ún. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: tó bá ṣubú, ta ló máa sanwó fún àwọn tó bá a ṣiṣẹ́?

Àwọn orúkọ tó tẹ̀lé e

Virgin Nigeria ló kọ́kọ́ dé. Virgin Atlantic ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìdá 49, àwọn olùdókòwò ọmọ Nàìjíríà ní ìdá 51. Oṣù Kẹfà ọdún 2005 ló kọ́kọ́ fò láti Èkó lọ sí London. Virgin Atlantic jáde nígbà tó yá, orúkọ yí padà, ó di Air Nigeria, ó sì kógbá sílé lọ́dún 2012.

Nigeria Air ló tún tẹ̀lé e. Oṣù Keje ọdún 2018 ni Mínísítà Hadi Sirika ṣí aṣọ lójú àmì rẹ̀ níbi ìpàtẹ bàálù ní Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ní àwọn ti dá a dúró. Lọ́dún 2022, wọ́n tún gbé e dìde: Ethiopian Airlines á ní ìdá 49, àwọn iléeṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà á ní 46, ìjọba á ní 5. Àwọn oníléeṣẹ́ bàálù ilẹ̀ wa pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sì ní kí wọ́n ṣì dáwọ́ dúró. Bàálù tó wá balẹ̀ sí Àbújá ní 2023 yẹn, ti Ethiopian Airlines ni. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún. Kò pẹ́ tó fi padà síbi tó ti wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Mínísítà tuntun, Festus Keyamo, dá gbogbo ètò náà dúró.

Àwọn aládùúgbò wa ńkọ́?

Àwa tá a wà lẹ́nu ibodè Yewa, tá a bá ti ré Ìdí-Ìrókò kọjá sí Ìgólò, a ti wà nílẹ̀ Benin nìyẹn. Ilẹ̀ Benin náà ti jẹ nínú iyán yìí. Lọ́dún 1961, orílẹ̀-èdè 11 tó jẹ́ ti Faransé tẹ́lẹ̀, Dahomey tó di Benin wà lára wọn, para pọ̀ dá Air Afrique sílẹ̀. Togo dara pọ̀ nígbà tó yá. Abidjan ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ ti gbogbo ìjọba, kò sí ìjọba kan tó gbà pé gbèsè rẹ̀ jẹ́ tòun. Lọ́dún 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì, gbogbo gbèsè tó jẹ nílẹ̀ òkèèrè sì di ìlọ́po méjì nínú CFA. Lọ́dún 2002, ó wọko gbèsè pátápátá.

Èwo ló wá ń ṣe dáadáa?

Ethiopian Airlines bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945. Ìjọba ló ni gbogbo rẹ̀ títí dòní, síbẹ̀ òun ni iléeṣẹ́ bàálù tó tóbi jù ní Áfíríkà. Nígbà àrùn Kòrónà lọ́dún 2020, tí àwọn iléeṣẹ́ bàálù káàkiri ayé ń tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba wọn, ńṣe ló yọ àga kúrò nínú àwọn bàálù kan, ó fi wọ́n kó ẹrù. Àṣírí rẹ̀ ò ju pé ìjọba jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe iṣẹ́.

Nílé níbí, Ibom Air jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Oṣù Kẹfà ọdún 2019 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàálù mẹ́ta, àwọn èrò sì ń yìn ín pé kì í fi àsìkò ṣeré. Torí náà, kì í ṣe pé ohun tó bá ti jẹ́ ti ìjọba ló gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Ibi tí ẹni tó ni ín bá ti gbàgbé pé òwò ni, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́.

Kí ni àwọn tó ní kí ìjọba máa san án ń sọ?

Wọ́n ní tí wàhálà bá dé, bàálù ìjọba ló máa kó wa wálé. Àmọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ń kọlu àwọn àlejò ní South Africa, Air Peace, iléeṣẹ́ aládàáni, ló kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wálé lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n ní àwọn bàálù òyìnbó lè já wa jù sílẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀: Emirates kúrò nílẹ̀ yìí lọ́dún 2022 nítorí owó rẹ̀ tó há sí Nàìjíríà, oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ló padà. Ṣùgbọ́n àìsí dọ́là ló fa ìyẹn, kì í ṣe àìsí bàálù ìjọba. Bàálù tiwa náà, dọ́là ni yóò fi ra ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n tún ní kì í ṣe gbogbo ohun tí kò mérè wá ni kò wúlò. Èmi náà gbà. Ìlaròó ní reluwé nígbà kan, ẹ̀ka tó yà láti Ifọ̀, tó gba Ìlaròó kọjá dé Ìdógò. Tí ìjọba bá fowó ran irú rẹ̀ lọ́wọ́, àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni yóò jẹ àǹfààní ẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé ta ni ìrànwọ́ náà ń gbé? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará Yewa ò tíì wọ bàálù rí. Kò dáa kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa sanwó ọkọ̀ fún ẹni tó ń fò.

Kí ló yẹ ká máa bi wọ́n?

Ní tèmi, kò yẹ kí ìjọba máa dí ihò àdánù iléeṣẹ́ bàálù lọ́dọọdún. Tó bá pọn dandan kó fowó sí i, kó sọ ojú ọ̀nà tó ń sanwó fún, iye tó ń san, àti ọjọ́ tó máa dáwọ́ dúró. Ohun tó lójú tó nímú nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n bá tún kùn bàálù mìíràn, yálà l'Ábújá ni o, yálà ní ìpínlẹ̀ wa tó ti ní pápákọ̀ ní ẹ̀bá Ìpẹru báyìí, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́rin:

– Èló ni ìjọba fi sí i, inú àpò wo ló sì ti wá?
– Ta ló ń yan ọ̀gá, ta ló sì lè yọ ọ́?
– Níbo la ti lè ka ìṣirò owó rẹ̀ lọ́dọọdún?
– Níbo ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ wà, ṣé ìjọba ò lè fọwọ́ kàn án?

Tí wọn ò bá rí ìdáhùn sí ìkẹrin yẹn, a jẹ́ pé àwọn tó tò lórí ìlà lọ́dún 2018 ò kọ́ wọn lọ́gbọ́n kankan.